Ìwẹ̀ ìsun omi gbígbóná fún màmá mi tí iṣan ẹsẹ̀ wọn wú: ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn

Adéṣewà:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Faransé, ẹni ọdún 67 ni wọ́n. Iṣan ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Tó bá ti dìrọ̀lẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ á wúwo. Awọ tó wà lókè kókósẹ̀ ti ń dúdú, ó sì ń yún wọn, àmọ́ kò tíì di egbò. Dókítà wọn ti kọ̀wé pé kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi ìsun omi gbígbóná. Ohun tí kò yé mi ni pé ojoojúmọ́ la ń gbọ́ pé ooru kò dáa fún irú ẹsẹ̀ yìí. Báwo ni omi gbígbóná ṣe wá fẹ́ wò ó? Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ló yẹ ká béèrè kí wọ́n tó lọ?

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀:
Àbúrò, òótọ́ lo gbọ́. Ooru ń mú kí iṣan fẹ̀, iṣan tó bá sì ti fẹ̀ jù tẹ́lẹ̀, kò sí oore tí ooru fẹ́ ṣe fún un. Omi náà gbóná nígbà tó ń jáde látinú ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́ kó tó kan ẹsẹ̀ aláìsàn iṣan. Ìwẹ̀ inú báàfù kì í sábà ju nǹkan bí 34°C lọ, ìyẹn ò sì tó ooru ara. Omi tí wọ́n ń rìn nínú rẹ̀ tún máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwúwo omi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nínú iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Bí wọn ò bá padé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ sísàlẹ̀, á máa ti ògiri iṣan, omi á sì máa jò sínú ẹran ara. Wíwú náà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá jò pẹ̀lú rẹ̀ á fọ́, irin inú rẹ̀ á sì sọ awọ di dúdú. Wàyí o, bí èèyàn bá dúró nínú omi tó jìn tó mítà kan, omi yẹn á tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ní nǹkan bí 73 mmHg, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ní ìdajì mítà, ó kù bíi 37. Lójú omi, òdo ni. Ìsàlẹ̀ ló ti ń fún jù, bó ṣe ń gòkè ló ń dẹ̀. Ohun tí ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ń gbìyànjú láti ṣe gan-an nìyẹn.

Fisíò Túndé:
Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí níbẹ̀. Ìtọ́jú mẹ́rin ni lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú gbogbo rẹ̀, ìrìn nínú omi ni kí màmá fọwọ́ gidi mú. Gìgísẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi kan ilẹ̀, kí wọ́n wá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kúrò. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri inú omi kàn ń wẹ̀ ni.

Omi tí wọ́n ń fọ́n sí ẹsẹ̀ nínú báàfù gbọ́dọ̀ máa lọ láti ọrùn ẹsẹ̀ sókè sí itan. Bí ibì kan lójú iṣan bá le gbandi, tó pọ́n, tó sì ń dùn wọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má fọ́n omi síbẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.

Ẹrẹ̀ gbígbóná ńkọ́? Ìyẹn wà fún oríkèé tó ń dunni. Àwọn ibi kan, bíi Barbotan, ń tọ́jú oríkèé àti iṣan pọ̀. Bí orúnkún bá tún ń yọ màmá lẹ́nu, tí dókítà sì kọ méjèèjì, ẹ rí i pé ó wà nínú ìwé pé ẹrẹ̀ gbígbóná ò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn ò kà sí: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń já wálẹ̀ béèyàn bá dìde láti inú báàfù, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí etí báàfù ná. Ó sì lè rẹ̀ wọ́n gan-an lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi ọ̀sán sinmi, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè ju àyà lọ.

Apòògùn Rónkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Túndé ti fẹnu ba oògùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ amlodipine yẹn ju báyẹn lọ. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ ń wú ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá sì ṣe ń fi kún un ló ń wú sí i. Ìsun omi kankan ò lè wo èyíinì. Ẹ bi dókítà bóyá ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó náwó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí màmá má dá a dúró fúnra wọn o!

Èkejì ni àtọ̀gbẹ. Ó lè ba iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ jẹ́, ìyẹn sì yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé e padà. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ti apá pín in. Láti 0.9 sí 1.3, kò séwu. Bó bá kéré jìnnà sí 0.9, ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ tó, fífún ẹsẹ̀ le-le sì lè ṣe jàǹbá. Ṣùgbọ́n nínú àtọ̀gbẹ, ògiri iṣan lè gan débi pé nọ́ńbà náà á ju 1.3 lọ, tó máa dà bíi pé ara dá ṣáṣá. Kò dá o. Nígbà yẹn, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Alàgbà Kọ́lá:
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ìwé, nítorí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó. Ní Faransé, dókítà gbọ́dọ̀ kọ irú àìsàn tí wọ́n ń lọ tọ́jú sínú fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àjọ adójútòfò ìlera kí wọ́n fọwọ́ sí i ṣáájú. Ti màmá yín, phlébologie, ìyẹn ìtọ́jú iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, ni kó wà níbẹ̀. Bagnoles-de-l'Orne, Barbotan, La Léchère àti Luxeuil wà lára àwọn ibi tó ń tọ́jú rẹ̀. Royat ní tiẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́.

Bí wọ́n bá wà nínú àdójútòfò náà, 65% owó ìtọ́jú àti 70% owó dókítà ibẹ̀ ni wọ́n ń san, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọjọ́ 18 ni ìtọ́jú. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ láàárín láìsí ìdí tí dókítà fọwọ́ sí, á san án fúnra rẹ̀. Ti ilé àti ọkọ̀ ò sí nínú rẹ̀, àfi fẹ́ni tówó tó ń wọlé fún un ò pọ̀.

Dàpọ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ní ìwẹ̀ oní-gáàsì ló lágbára jù. Kí ló dé tí wọn ò ṣe é fún màmá?

Fisíò Túndé:
Gáàsì CO2 nìyẹn, bíi ti Royat àti Bad Nauheim ní Jámánì. Ó ń ṣí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ abẹ́ awọ kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibi tí kò dé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ló wà fún jù. Ti màmá, ẹ̀jẹ̀ ń dé, kò kàn rí ọ̀nà padà ni. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á dùbúlẹ̀ sójú omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo báàfù, tí orí aláìsàn sì gbọ́dọ̀ wà lókè dáadáa, kó má bàa fà á símú. Kì í ṣe ohun téèyàn ń dán wò nílé.

Adéṣewà:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún un yín. Ẹ má bínú, ó ku méjì. Ṣé bí wọ́n bá dé, kí wọ́n máa ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná oníyọ̀? Ìbọ̀sẹ̀ wọn ńkọ́, ṣé wọ́n lè bọ́ ọ jù sílẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú?

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀:
Omi gbígbóná oníyọ̀, rárá. Àtọ̀gbẹ lè má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé omi ń jó wọn, wọ́n á kàn rí i tí awọ ti bó. Omi tútù díẹ̀ láti inú ṣáwà ló dáa, láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè sí orúnkún, lópin ìwẹ̀. Sebastian Kneipp, àlùfáà ará Jámánì tó kú ní 1897, ló sọ ọ́ dolókìkí ní ìlú Bad Wörishofen. Wọ́n tún máa ń rìn nínú omi tútù tó dé ojúgun, tí wọ́n á máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú omi pátápátá bíi lékeléke, títí òtútù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Ṣùgbọ́n bí àtẹ́lẹsẹ̀ màmá bá ti ń kú tipiri, kí wọ́n fi ti ojúgun yẹn sílẹ̀, ṣáwà náà ti tó.

Ìbọ̀sẹ̀ ò ṣeé jù sílẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún èèyàn 425 ní Faransé, tó jáde ní 2014, fi hàn pé ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń dín ìnira kù, ó sì ń jẹ́ kí ayé rọrùn fún aláìsàn. Àmọ́ kò dín iye àwọn tó ní egbò láàárín ọdún kan kù. Ìbọ̀sẹ̀ àti ìrìn ló kù. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú. Bẹ́ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ máa wo nọ́ńbà mmHg, ẹ má wo kíláàsì: kíláàsì 2 ti Faransé jẹ́ 15 sí 20, ti Jámánì jẹ́ 23 sí 32.

Apòògùn Rónkẹ́:
Kí wọ́n máa nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ dáadáa lẹ́yìn omi, ibẹ̀ ni kòkòrò máa ń gbà wọlé. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá sì ṣàdédé wú, tó ń dùn, tó ń gbóná, tàbí tí èémí bá ń há wọn, kí wọ́n má lọ wẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ilé ìwòsàn tààràtà.