Owó ìkómọ ku 180,000: ṣé ọjà ni kí n fi rà ni àbí owó ilé?

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Àkọ́bí mi pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lónìí. Mùṣín là ń gbé. Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Tẹ́júoṣó kí n tó bímọ. Bàbá ọmọ ń wa kòròpé. Owó tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ níbi ìkómọ, lẹ́yìn tá a san ti alásè àti alága, ó ku 180,000 náírà. Inú agolo mílíìkì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ọmọ ní ká tọ́jú ẹ̀ de owó ilé tó máa pé lóṣù mẹ́ta sí i. Èmi ní kí n fi ra ọjà. Ojoojúmọ́ la sì ń yọ níbẹ̀: pampers lónìí, ọṣẹ ọmọ lọ́la.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú: Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Agolo yẹn gan-an ni ọ̀tá yín. Nígbà tí mo bí ìbejì, pampers fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa tà. Mo bá ra nápíkìn aláṣọ méjìlá. Alẹ́ nìkan ni mò ń lo pampers. Fífọ̀ ẹ̀ kì í ṣeré o! Lásìkò òjò, iwájú fáànù ni mò ń sá a sí. Mílíìkì agolo ńkọ́? Ọmú nìkan tó o títí oṣù mẹ́fà.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Ẹ̀bùté Mẹ́ta: Ọkọ yín kò jẹ̀bi. Lánlọ́ọ̀dù ò mọ ìkókó. Àmọ́ kó máa dá àjọ 1,500 lóòjọ́. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, aláàjọ á mú ti ọjọ́ kan, ó ku 43,500. Oṣù mẹ́ta, 130,500 nìyẹn.

Alhaja, Ìsàlẹ̀ Èkó: Àbúrò mi, ra ọjà, àmọ́ kì í ṣe nísinsìnyí. Ta ló máa jókòó ti ṣọ́ọ̀bù? Jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá ná. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé ìjọba ni kó o gbé e lọ, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìkókó: Ẹ ṣé o. Bàbá ọmọ ka ti àjọ yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní táwọn àgbèrò bá ṣẹ́ 1,500 kù fóun. Mo pọn ọmọ láàárọ̀ yìí, mo kó 150,000 lọ sí báńkì. Ó yẹ kó ku 30,000 nínú agolo. Mo kà á, 27,500 ni mo bá. Màmá ọkọ mi ní ẹja lòun fi rà.