Ṣé ó tọ́ kí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba dáni lójú ju ti òṣìṣẹ́ aládàáni lọ?

Olùkọ́ Àná béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì fi iye ọdún kan náà ṣe ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ aládàáni. Inú ọdún kan náà ni àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tẹ́ ìwé wa méjèèjì sórí tábìlì. Iye tí n óò máa gbà lóṣooṣù títí di ọjọ́ ikú mi ni wọ́n kọ sínú tèmi. Àròpọ̀ owó kan ni ó wà nínú tirẹ̀, ó sì ti dín sí ti oṣù tó ṣáájú nítorí pé ọjà ìdókòwò lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú bírò, ó pín owó náà sí ọdún 20 létí ìwé. Ó wò ó títí, ó pa 20 rẹ́, ó kọ 30, nítorí pé ọdún 93 ni ìyá wa lò láyé. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí bóyá inú owó orí tí òun ń san ni wọn yóò ti máa san tèmi. Òótọ́ ni pé wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, síbẹ̀ n kò rí èsì gidi fún un. Kí ni ó tọ́ kí n sọ?

Akọ̀wé Ìṣirò dáhùn pé:

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìrònú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tọ́jú ìwé owó ìfẹ̀yìntì, mo sì rí i pé iye owó nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń fi wéra, wọn kì í béèrè ẹni tí ewu wà lọ́rùn rẹ̀. Ìlérí ni ìjọba ṣe fún yín: iye ọdún tí ẹ lò lẹ́nu iṣẹ́ àti owó oṣù yín ni wọ́n fi ṣe ìṣirò, bí ọjà ìdókòwò bá sì wó lọ́la, ìjọba ni yóò wá owó náà. Ti ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe ìlérí, àkójọ owó ni. Bí ọjà bá wó, bí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ ẹ́, tàbí bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn ju owó rẹ̀ lọ, òun nìkan ni yóò ru ú.

Ti ẹ̀mí gígùn yìí ni ó máa ń dùn mí jù. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ, a lè fojú díwọ̀n iye ọdún tí wọn yóò lò ní ìpíndọ́gba, owó tí àwọn tó tètè kú kò lò tán yóò sì máa bọ́ àwọn tó pẹ́ láyé. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe irú ìṣirò yẹn fún ara rẹ̀. Bí ó bá náwó bí ẹni tí yóò pẹ́, yóò fi ìyà jẹ ara rẹ̀. Bí ó bá náwó bí ẹni tí kò ní pẹ́, owó lè tán kí ọjọ́ tó tán. Kò sí nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n wa lè kọ sétí ìwé yẹn tí yóò fi í lọ́kàn balẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Aládàáni dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ewu tí ó ní ó wà lọ́rùn ìjọba kì í dúró síbẹ̀. Ọrùn àwọn tí yóò máa san owó orí lọ́jọ́ iwájú ni ó ń bọ́ sí, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn fún olóṣèlú láti ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì dípò kí ó fi kún owó oṣù lónìí, nítorí pé kò ní sí lórí àlééfà nígbà tí owó náà bá tó san. Ní ọdún 2013, ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà lọ sọ nílé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Nígbà tí ẹjọ́ náà parí, wọ́n gé ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí panápaná, wọ́n sì fagi lé àfikún tí wọ́n ń rí lọ́dọọdún. Ìlérí tí a kò kó owó tì lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí gbèsè.

Síbẹ̀, n kò bínú sí olùkọ́. Ọ̀pọ̀ àwa aládàáni náà ti ní irú ìlérí yẹn rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Studebaker ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú South Bend ní Amẹ́ríkà pa ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ti pé ọdún 60 gba owó wọn pé. Àwọn tó wà láàárín ọdún 40 sí 59 rí nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò tó ọdún 40 kò rí kọ́bọ̀. Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 1974 láti dáàbò bo irú owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ pa ìlérí náà tì, wọ́n sì gbé ewu rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ dáhùn pé:

Ẹ tún wo ẹni tí ó máa ń yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1981, ìjọba ológun Chile sọ owó ìfẹ̀yìntì di àkójọ owó oníkálukú, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ pamọ́, wọn kò sì ní kí agbanisíṣẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ètò àtijọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ogun àti ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2004 kó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti aládàáni pọ̀ sínú ètò kan náà, àwọn ọmọ ogun sì jáde kúrò nínú rẹ̀ ní ọdún 2011. Bí ètò kan bá dára tó bí wọ́n ṣe ń sọ, kí ló dé tí àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn kì í dúró nínú rẹ̀?

Olùkọ́ Àná fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan kò lè dá ewu ẹ̀mí gígùn rù ni ó dì mú. Ó ní kí n tún un kà. A ti pinnu láti lọ bi ilé iṣẹ́ adójútòfò bóyá ó lè fi apá kan owó rẹ̀ ra owó oṣù tí yóò máa gbà títí ayé, àti bóyá owó oṣù náà yóò máa pọ̀ sí i bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i. Ọjọ́ Ajé ni a ó lọ, èmi ni n óò mú ìwé náà dání.