“Divulge”, “reveal”, “disclose”: ìgbà wo là ń lo èwo?

Ìbéèrè | Atúmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ìwé atúmọ̀ èdè sọ pé “divulge” àti “reveal” jọ jẹ́ kí nǹkan tó fara sin hàn síta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé gbólóhùn yìí tọ̀nà: “The X-ray divulged a broken bone”? Bí kò bá tọ̀nà, kí ló fà á? Níbo ni “disclose” wá wà láàárín wọn? Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń pe “divulge” gan-an?

Èsì | Ògbufọ̀

Kò tọ̀nà. X-ray ò lẹ́nu. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kan, tó ń pa á mọ́ra, tó wá la ẹnu sọ ọ́ tàbí tó kọ ọ́ síwèé, ni “divulge” ń fẹ́. Ohun tó sì ń sọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀: orúkọ, iye owó, ètò tí wọn ò tíì kéde, ibi tí nǹkan wà. Egungun tó ṣẹ́, àpá ara, ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ ojú fèrèsé, “reveal” ló ni gbogbo ìyẹn. “The X-ray revealed a broken bone.” “He rolled up his sleeve to reveal a scar.”

Orírun wọn ló fà á. Nínú “divulgare” ti èdè Látìn, “vulgus” ni ọ̀pọ̀ èrò, àwọn ará ìlú lásán. Ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ìwọ̀nba èèyàn, ó bọ́ sétí gbogbo ayé. “Velum”, ìyẹn ìbòjú, ló wà nínú “reveal”. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹnu àti etí, èkejì jẹ́ ti ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “reveal” lè gba àṣírí náà: “She revealed the secret” dára.

Ní ti pípè, sílébù kejì lẹ ó tẹnu mọ́. “Vulge” bá “bulge” dọ́gba, ìró j ló sì parí rẹ̀. Ẹ lè fi “dai” tàbí “di” bẹ̀rẹ̀.

Èsì | Onígírámà

Ibi tí Yorùbá ti máa ń gbé wa ṣubú nìyí. À ń sọ pé “àṣírí ti tú”, ó sì parí síbẹ̀. “The secret has divulged” kò sí. “The secret is out” ni, tàbí “has been divulged”. A tún ń sọ pé “ó tú mi fó”. Ẹ má kọ “He divulged me” láéláé: èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìwà burúkú ló tú síta, “He exposed me”. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi pamọ́ sí i lọ́wọ́, “He divulged my secret”.

“To” ò gbọdọ̀ sọnù níwájú ẹni tó gbọ́ ọ: “divulged the secret to me”, kì í ṣe “divulged me the secret”. Ẹ yọ “about” kúrò pátápátá. “Divulge the plan” ti tó. “Where”, “how”, “what” àti “that” lè tẹ̀ lé e: “She would not divulge where the money was.”

Èsì | Alátúnṣe-ìwé

“Disclose” ni ti òfin àti ibi iṣẹ́, pàápàá níbi tí sísọ ọ́ ti jẹ́ ojúṣe: gbèsè, àìsàn, ohun tí èèyàn máa rí jẹ nínú káńtíráàtì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìwé àdéhùn a-kì-í-sọ ní “non-disclosure agreement”.

Àwọn kan ń túmọ̀ “divulge” sí ṣíṣe òfófó. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ orí ara ẹni náà ṣeé “divulge”. Lẹ́yìn “refused to”, “declined to” àti “would not” lẹ ó ti máa bá a pàdé jù. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu èèyàn ni, “let slip” ló bá a mu jù.

Atúmọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. “His face divulged his fear” náà ò dáa nìyẹn?

Ògbufọ̀

Kò dáa. “His face betrayed his fear” ni. “Betray” kan náà tó ń jẹ́ kéèyàn dalẹ̀ ni o, àmọ́ níbí, ojú onítọ̀hún ló dalẹ̀ rẹ̀.