Wọ́n jí laptop ẹgbẹ́ wa, ṣé dandan ni ká sọ fáwọn mẹ́ńbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Òṣogbo, àárọ̀ àná ni mo débẹ̀ tí mo rí i pé wọ́n ti já ṣọ́ọ̀bù tá a fi ń ṣe ọ́fíìsì nítòsí Ọláìyá, wọ́n gbé laptop lọ, kò ní password kankan (ẹ̀bi mi ni, ẹ má bú mi), orúkọ, nọ́ńbà fóònù, BVN àti fọ́tò NIN gbogbo èèyàn wa ló wà nínú ẹ̀.

Alága ní ká dákẹ́, pé táwọn ìyá ọlọ́jà bá gbọ́ wọ́n á ya bò wá láti gbowó wọn. Ọkàn mi ò balẹ̀ ṣá, torí ìrọ̀lẹ́ àná náà ni màmá aláṣọ kan pè mí pé ẹnì kan ka BVN òun sóun létí, ó wá ní kóun mú OTP wá!

Mo ka òfin Nigeria Data Protection Act 2023, ó ní wákàtí 72 la ní láti fi tó NDPC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ìsọfúnni aráàlú) létí, tí ewu ẹ̀ bá sì pọ̀ ká sọ fáwọn tó kàn lójú ẹsẹ̀, lédè tó máa yé wọn, ká sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Ṣé fóìsì nóòtì Yorùbá lórí WhatsApp tó, àbí lẹ́tà ni? Àwọn màmá míì ò tiẹ̀ ní ju fóònù kékeré lọ. Ẹni tó bá ti kọ̀wé sí NDPC rí, kí ni wọ́n bi yín?