Ẹ gbà mí o, ìpàgọ́ ti ń bọ̀, búrẹ́dì sì ń dà mí nínú rú

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Ó ti sú mi ni.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo bá ti jẹ búrẹ́dì, inú mi á wú bíi ti aláboyún. Ìgbẹ́ gbuuru, àárẹ̀, orí fífọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, mo lo oògùn ẹ̀jẹ̀ títí, kò gòkè. Ìgbà tí mo kà nípa àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní coeliac, tí kì í jẹ́ kí ara gba búrẹ́dì, ṣe ló dà bíi pé èmi ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. Mo pa búrẹ́dì tì, mo pa Indomie tì, mo pa pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti mítì páì tì.

Àwọn ará ilé ọkọ mi ló ń dùn mí. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ìdílé mẹ́fà láti ṣọ́ọ̀ṣì wa la jọ lọ pàgọ́ ní Wales fún òru mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló gba ìdáná. Ìkòkò tí wọ́n fi se pasta, wọn ò fọ̀ ọ́ kanlẹ̀, wọ́n da ìrẹsì sí i. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́." Wọ́n ní, "Kí ló dé tí tìrẹ fi máa ń yàtọ̀? Búrẹ́dì ni gbogbo wa jẹ dàgbà l'Óṣogbo." Lóru ọjọ́ yẹn, nínú òjò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dìde, tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wá ilé ìyàgbẹ́ tó wà ní ìpẹ̀kun pápá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Owó mi la sì fi ra àgọ́ tí a sùn sí o.

Wọ́n tún ti ń múra ti ọdún yìí. Kí ni mo lè sè lórí sítóòfù gáàsì olójú kan? Ẹ má sọ pé kí n má lọ. Àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́.

Màmá Ìbejì, Peckham:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gàrí! Gàrí, ẹ̀pà, ṣúgà, omi tútù, o ò tilẹ̀ ní dáná. Mọ́ínmọ́ín ni kí o sè sínú agolo nílé, kí o jẹ́ kó dì nínú fírísà, kí o kó o sínú kúlà: òun gan-an ni yìnyín rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Din ata rẹ kí omi gbẹ lára rẹ̀, bù ú sínú ike. Iṣu, ẹyin, ìrẹsì. Tí wọ́n bá dá èédú, sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo. Nígbà tí àwọn ìbejì mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo kó wọn lọ pàgọ́ ní Kent, afẹ́fẹ́ gbé àgọ́ wa lóru, inú mọ́tò la sùn mọ́jú. Gàrí la jẹ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Madam, ẹ má bínú o, àrùn òyìnbó ni ẹ gbé sórí yìí. Mílíìkì ni! Èmi náà, inú mi máa ń ru, mo yọ mílíìkì kúrò nínú tíì, ó tán. Ẹ dẹwọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Alásè Leeds:
Ìyá Fìkáyọ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ máa sè nìkan ni kókó, ohun èlò ni. Ẹ ní ìkòkò tiyín, asẹ́ tiyín, ṣíbí tiyín. Ẹ má lo ṣíbí igi ẹlòmíì rárá, ìyẹ̀fun máa ń wọnú igi. Bọ́tà àjọlò, ọ̀bẹ tí wọ́n fi pa á sára búrẹ́dì ló padà sínú rẹ̀, ẹ mú tiyín dání. Tí wọ́n bá ń yan ẹran lórí irin tí wọ́n ti yan búrẹ́dì, ẹ tẹ́ fọ́ì sábẹ́ tiyín. Ẹ kọ́kọ́ se tiyín kí àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí Maggi àti kọ́rì, àwọn kan ní àlìkámà nínú. Òfin UK ní kí orúkọ àlìkámà, báálì àti rai hàn yàtọ̀ láàárín àwọn èròjà. Ọtí mọ́ọ̀tì náà, báálì ni.

Òkèlè wo lẹ̀ ń jẹ nílé?

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Ẹ ṣeun, Màmá Ìbejì. Ọmọ Ẹ̀gbá, mi ò kì í mu mílíìkì. Alásè, àmàlà àti ẹ̀bà ni, àti sẹmó lọ́jọ́ Sunday nítorí ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan oní-fúláwà rárá.

Alásè Leeds:
Sẹmó kẹ̀! Àlìkámà ni sẹmó! Àlìkámà pọ́nńbélé!

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Sẹmó tí wọ́n ń rò nínú omi gbígbóná? Òkèlè ni, kì í ṣe búrẹ́dì. Ìyá mi ń rò ó láti kékeré mi, kò sí ẹni tó pè é ní fúláwà. Ìyẹn ni pé gbogbo Monday tí mi ò lè dìde...

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ò rí i? Sẹmó la jẹ dàgbà. Èèyàn dúdú kì í ní àrùn yìí.

Nọ́ọ̀sì Bolton:
Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Àwọn Sahrawi inú aṣálẹ̀ Sàhárà, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, fi hàn pé nínú ọmọ 100, ó lé ní 5 tó ní i. Ní UK níbí, bí ẹni 1 nínú 100 ni. Mílíìkì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í lè dà á nínú. Ṣùgbọ́n ti coeliac, ara fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun jà nítorí gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, báálì àti rai. Ibi tí oúnjẹ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ á wá pẹlẹbẹ, ìdí nìyẹn tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í fi ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìyá Fìkáyọ̀, ẹ ò sọ ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín sọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ìrírí mi ni mo sọ, ẹ̀ẹ́ torí ìyẹn bú mi?

Màmá Ìbejì, Peckham:
Kò sẹ́ni tó bú ọ, ọmọ mi. Ìyá Fìkáyọ̀, má gbàgbé ẹ̀pà o.

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo béèrè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lówùúrọ̀ yìí pé pasta ni ti alẹ́ àkọ́kọ́.

Nọ́ọ̀sì Bolton:
Àyẹ̀wò ńkọ́?

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Wọ́n ṣe é ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá. GP, dókítà àdúgbò wa, ní kò sí coeliac. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ nítorí ohun tí ọkọ mi ń nà mọ́ mi lójú nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti pa búrẹ́dì tì láti oṣù kìíní ọdún yẹn.

Nọ́ọ̀sì Bolton:
Ṣé ẹ sọ fún GP pé ẹ ti pa á tì?

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Wọn ò bi mí.

Nọ́ọ̀sì Bolton:
Arábìnrin mi, èsì yẹn kò dá yín láre, kò sì dá yín lẹ́bi. Ọmọ ogun tí ara ń kó jáde nígbà tí gluten bá wọlé ni àyẹ̀wò náà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ọ̀tá kò bá wọlé, ogun á túká. Sẹmó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó. Ìlànà ni pé kí èèyàn máa jẹ gluten ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Ṣé kí n padà sídìí ohun tó ń pa mí ni? Ẹ ò mọ bí òru yẹn ṣe rí. Mi ò lè ṣe é. Mo tiẹ̀ fẹ́ yọ búrẹ́dì kúrò nínú oúnjẹ Fìkáyọ̀ náà láti Monday. Ọmọ ọdún méje ni, aṣọ ọmọ ọdún márùn-ún ló ṣì ń wọ̀, ojoojúmọ́ ló ń di ikùn mú.

Nọ́ọ̀sì Bolton:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́! Ẹ gbọ́ mi. Ọmọ tó ṣì ń jẹ búrẹ́dì, tí kò dàgbà bó ṣe yẹ, àyẹ̀wò tirẹ̀ lè sọ òótọ́ nísinsìnyí. Tí ẹ bá yọ ọ́, tirẹ̀ náà á bàjẹ́ bíi tiyín. Tí ẹnì kan bá ní i, bí 1 nínú 10 ni fún òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ pe GP lọ́la, ẹ sọ ti ọmọ, ẹ sọ ti oṣù kìíní. Tí ẹ̀yin ò bá lè padà jẹ ẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí dókítà ìfun. Títí wọ́n á fi ṣe ti ọmọ, kí ó máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ ní àgọ́.

Alásè Leeds:
Mo fara mọ́ ọn. Ìkòkò tiyín ṣì dúró o.

Ìyá Fìkáyọ̀, Manchester:
Ẹ kú àárọ̀. Àná ni mo pe GP. Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:50, èmi àti ọmọ. Mo fi gbogbo ohun tí ẹ kọ han ọkọ mi lóru àná. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní òun á tẹ̀ lé wa lọ.

Màmá Ìbejì, mo ti ra gàrí. Kúlíkúlì kan wà nílé tí kò ní ìwé kankan lára. Ṣé mo lè mú un dání?

Alásè Leeds:
Fi sílẹ̀ o. Ẹ̀pà ni kí ẹ mú, kí ẹ yan án fúnra yín.