Kí ló dé tí “zijn” fi ń di “ben”, “is” àti “was” nínú èdè Dutch?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa èdè. Rotterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ni àwọn ọmọ ọmọ mi wà, èdè Dutch sì máa ń yọ lẹ́nu wọn bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ ọ nínú ìwé tí màmá wọn fi ránṣẹ́ sí mi, lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti kó ọjà wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló dá mi dúró. Wọ́n ní “zijn” ló dúró fún “jẹ́” àti “wà” tiwa, ṣùgbọ́n “ik ben” ni èmi, “jij bent” ni ìwọ, “hij is” ni òun, “wij zijn” sì ni àwa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti àná, ó di “ik was” àti “wij waren”, lẹ́yìn náà ni “geweest” tún dé. Mo wà, o wà, a wà ni tiwa. “Wà” kì í yí padà. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo èyí lóòótọ́?

Olùkọ́ Èdè, Òkè-Fìà:
Ẹ kú akitiyan, màmá. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló para pọ̀ di ẹyọ kan láti ayébáyé, bí ìgbà tí aránṣọ bá fi àjákù ànkárá mẹ́ta rán bùbá kan. “Is” àti “zijn” wá láti inú èyí tó túmọ̀ sí “jẹ́”. “Ben” àti “bent” wá láti inú èyí tó túmọ̀ sí “hù” tàbí “di”. Èyí tó túmọ̀ sí “gbé ibì kan” ló bí “was”, “waren” àti “geweest”. Ẹ̀kẹta yìí ló wù mí jù, nítorí pé kò tíì kú: wọ́n ṣì ń sọ “wezen”, wọ́n sì ń sọ “wees niet bang” fún ọmọ tí wọn kò fẹ́ kó bẹ̀rù.

Ní ti “s” tó di “r” nínú “waren”, ibi tí ohùn ti ń wúwo nínú ọ̀rọ̀ láyé àtijọ́ ló fà á, gẹ́gẹ́ bí Karl Verner, ará Denmark, ti ṣàlàyé ní ọdún 1877. Ohun kan náà ló wà nínú “was” àti “were” ti Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Jámánì, tí í ṣe èdè abínibí Susanne Wenger, Àdùnní Olóòrìṣà tiwa, náà ní “bin”, “ist” àti “war”.

Arìnrìn-àjò:
Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà kún un. Bí “jij” tàbí “je” bá bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, “t” á jáde: “jij bent”, ṣùgbọ́n “ben jij?” Àgbàlagbà tí a ó sọ “ẹ” fún, “u” ni wọ́n ń pè é, “t” tirẹ̀ kì í sì í jáde: “bent u?” Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé ẹ ti dé Òṣogbo rí, “Ik ben in Osogbo geweest” ni, “zijn” fúnra rẹ̀ ló ń ran “geweest” lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. Ṣé “was” àti “wà” wa wá bára tan?

Olùkọ́ Èdè, Òkè-Fìà:
Rárá, màmá. Wọ́n kàn jọra létí ni. Ìdílé èdè tiwọn àti tiwa yàtọ̀ pátápátá, “s” inú “was” sì ti wà níbẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Mo pe àwọn ọmọ ọmọ mi lálẹ́ àná. Mo ní “Ben je thuis?”, ìyẹn “Ṣé o wà nílé?”, mo yọ “t” kúrò. Èyí tó kéré jù pariwo pé “Ja, ik ben thuis!”, ó sì sáré lọ pe màmá rẹ̀.