Ohun tó ń ba ìwádìí jẹ́ kó tó dé yàrá àyẹ̀wò: ìrírí lórí aró l'Abẹ́òkúta

Olótùú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí lórí adìrẹ ní Ìtòkú àti Kẹ́mta ń pọ̀ sí i. Ti omi ń bọ̀, ti ìwalẹ̀ ń bọ̀, ti ìmọ̀ àwùjọ náà ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, kó sọ ọ́ síbí, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtàn ara yín sílẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa lò la fẹ́ gbọ́.

Omi-Ò-Lọ́tàá

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí omi, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń gbé ìgò kan ṣoṣo lọ nígbà tó jẹ́ mẹ́ta ló yẹ kó gbé.

Ìgò kìíní ni ti irin: léèdì, kọ́pà, kúrómíọ̀mù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìgò ike ni kó jẹ́. Ẹ ti fi áásìdì náítíríìkì tí a là dé ìdá 10 nínú 100 rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ tó fi omi distilled ṣàn án. Tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ kán áásìdì náítíríìkì sí i títí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) á fi sọ̀kalẹ̀ kọjá 2. Bí ẹ kò bá ṣe é, irin á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀rọ á sì sọ fún yín pé omi mọ́. Ìwé ìlànà máa ń sọ pé mílílítà 2 tó fún lítà omi kan. Ó tó fún omi odò lóòótọ́. Omi aró tó ti mu kọ́síkì sódà yó ńkọ́? Kò tó o. Ẹ ki bébà pH bọ̀ ọ́ kí ẹ fi ojú yín rí i, ẹ má kàn ka iye ẹ̀kán.

Ẹ ṣọ́ra níbí gan-an. Haidirósì tí àwọn aláró ń dà sí aró máa ń tú gáàsì tó ń ta imú àti ojú jáde bí áásìdì bá kàn án. Ìta gbangba ni kí ẹ ti kán an, kí atẹ́gùn máa fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ má kán an nínú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀.

Bó bá jẹ́ irin tó ti yòrò sínú omi nìkan lẹ ń wá, ẹ sẹ́ omi náà gba inú fílítà oníhò 0.45 máíkírómítà kí áásìdì tó kàn án. Ẹni tó bá kán áásìdì kó tó sẹ́ ẹ ti yọ irin inú ẹrẹ̀, ó sì ti kà á mọ́ ti omi. Kò sí bí a ṣe ń tún èyí ṣe mọ́.

Ìgò kejì ni ti kòkòrò àrùn. Wọ́n ti sè é pa kòkòrò, nítorí náà ẹ má fi omi kankan ṣàn án, ẹ má sì kán áásìdì sí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè kí wọ́n lè rí i mì. Ó di inú kúlà oní-yìnyín, ó sì gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò kí wákàtí 6 tó pé. Ẹni tó bá ń gbé e lọ sí yunifásítì FUNAAB ní Alábàtà láti Ìtòkú, kó ti ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ mọ́ àkókò ọ̀hún. Àyẹ̀wò omi mímu ò fàyè gba E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, kan ṣoṣo nínú mílílítà 100, nítorí náà èyí tó bá hù lójú ọ̀nà nínú ooru á ba orúkọ kànga onílé jẹ́ lásán. Ìgò kẹta, tí kò ní áásìdì, ni ti náítíréètì àti kílóráìdì.

pH, ìgbóná omi àti ọ́síjìn inú omi, ojú ibẹ̀ la ti ń wọ̀n wọ́n. Haidirósì ń jẹ ọ́síjìn tán ni, tí ẹ bá gbé e délé ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ má tún fi ọ̀nà Winkler wọ̀n ọ́n, torí haidirósì á jẹ áyódíìnì tí ọ̀nà náà gbára lé. Ẹ̀rọ tí a ń ki orí rẹ̀ bọ omi ni kí ẹ lò. Mítà pH náà ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi bọ́fà (omi tí a ti mọ pH rẹ̀) 4 àti 7 tún un ṣe torí òun ló wà nínú àpótí. Òdìkejì ni omi aró wà, ẹ lo 7 àti 10.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù. Òwúrọ̀ lọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń lọ, kí oòrùn tó mú. Àwọn aláró kì í da omi nù ní òwúrọ̀. Ẹ bá wọn wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, kí ẹ máa bu mílílítà 250 ní wákàtí wákàtí fún wákàtí 8, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di lítà 2. Ìyẹn ló jọ ohun tí gọ́tà ń gbé ní tòótọ́.

Béèrè-Wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Kànga inú agbo ilé ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé "kànga tó wà nísàlẹ̀ ni aró ń ṣàn lọ."

Omi-Ò-Lọ́tàá

Àbúrò, ìsàlẹ̀ ojú ilẹ̀ lè má jẹ́ ìsàlẹ̀ omi. Abẹ́ òkúta la wà. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta ni omi kànga wa ń gbé, ó sì ń gba inú ibi tí àpáta ti sán kọjá. Ẹ wá kànga mẹ́ta, ó kéré tán, tí wọn ò sí lórí ìlà kan náà. Ẹ fi téèpù wọn ibi tí omi wà sí ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ará ilé tó fà á. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹ̀rọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn sọ̀fíyọ̀ wọn bí ẹnu kànga kan ṣe ga ju èkejì lọ, kí ẹ lè mọ ibi tí omi ń ṣàn sí. Ẹ má lo gíga tí GPS fóònù bá kọ. Ó lè fi mítà mẹ́wàá ṣàṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá lè má ju mítà kan lọ. Ẹ tún mú kànga kan tó jìnnà sí aró ṣe àfiwé, kí okùn àti garawa yín jẹ́ tiyín. Garawa onílé ti lè fọ aṣọ aró láàná.

Àpáàdì

Ó kan àwa tó ń walẹ̀. Àkọ́kọ́ ná: ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments. Òfin ọdún 1979 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìjọba nìkan kò sì tó, baálé agbo ilé gbọ́dọ̀ gbọ́, kí àwọn ìyá tó ń re aṣọ níbẹ̀ náà sì gbọ́ láti ẹnu yín. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, wúrà lẹ wá wà nìyẹn.

Kòtò ìdánwò, mítà kan ní mítà kan. Sẹ̀ǹtímítà 10 la ń bó lẹ́ẹ̀kan, àpò ọ̀tọ̀ fún ìbó kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà ní sẹ̀ǹtímítà 6, ẹ dúró sí 6. Ẹ má torí kí nọ́ńbà lè gún da ìpele méjì pọ̀. Asẹ́ oníhò mílímítà 5 tó fún àpáàdì, kò tó fún ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, nítorí náà ẹ ya lítà 10 sọ́tọ̀ nínú ìbó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi omi sẹ́ ẹ nínú asẹ́ tó kúnná.

Ibi tí wọ́n ti re aṣọ nígbà kan kì í ṣòro mọ̀. Eérú ló máa ń tú àṣírí ibẹ̀: ìpele funfun-ràkọ̀ràkọ̀ tín-ín-rín lórí ara wọn, èédú wẹ́wẹ́ láàárín wọn, àti àpáàdì ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú. Bí inú àpáàdì bá ní àwọ̀ búlúù tàbí èérún kankan, ẹ má fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ti fọ ẹ̀rí púpọ̀ dànù ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi fóìlì wé e, kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míkà. Àpáàdì yòókù lẹ lè fọ̀, kí ẹ sá a síbi ìbòòji. Ẹ má sì retí egungun púpọ̀. Ilẹ̀ tó wá láti ara àpáta bíi tiwa máa ń kan, ó ń jẹ egungun, àfi ibi tí eérú bá ti dáàbò bò ó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí èédú, inú rẹ̀ á dùn, á sanwó ńlá fún àyẹ̀wò radiocarbon, èyí tó ń fi carbon-14 inú èédú sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ní òkè òkun. Ọdún 1830 tàbí bí ẹní ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbí, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Láti nǹkan bí 1650 títí dé 1950, bí carbon-14 ṣe wà nínú afẹ́fẹ́ ń lọ sókè sódò débi pé ọdún púpọ̀ ló ń fúnni ní èsì kan náà. Èsì tó máa padà wá lè sọ pé "láàárín 1660 sí 1950." Owó ti lọ nìyẹn! Ohun tó wà kí ìlú tó dé, ẹ kó o fún wọn, wọ́n á ṣe dáadáa fún yín. Èkùrọ́ tó jóná sì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, torí ọdún kan ló gbé ayé. Èédú inú igi ìrókò lè ti fi igba ọdún ṣáájú iná tó jó o. Èédú kan, fóìlì kan. Ẹ má kó wẹ́wẹ́ mẹ́wàá pọ̀ kó lè tó ìwọ̀n.

Fún ìgbà tí ìlú ti dé, ìgò àti owó ni kí ẹ wò. Ẹ gbé ìgò ṣínáàpù sókè, kí ẹ wo ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá gùn dé orí ẹnu ìgò gan-an, ẹ̀rọ ló ṣe é, ọdún 1903 ni Michael Owens, ará Amẹ́ríkà, sì ṣe ẹ̀rọ náà jáde. Bó bá dúró sí ọrùn, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ẹnu rẹ̀. Owó onihò ti British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ọdún wà lára rẹ̀. Ohun tí owó 1920 ń sọ ni pé ìpele yẹn kò lè ṣáájú 1920. Kò sọ pé ọdún 1920 gan-an ni. Inú ìwé àṣekágbá ni mo ti máa ń rí i tí wọ́n da méjèèjì pọ̀.

Ìwé-Àtijọ́

Ti ọ̀dọ̀ wa kò gùn. Ẹ gbé pẹ́ńsù lọ sí National Archives, wọn kì í jẹ́ kí bírò wọlé. Àwọn ìwé ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá ayé òyìnbó kún fún ọ̀rọ̀ aró, pàápàá àwọn ọdún 1930, nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́síkì sódà àti aró òyìnbó tí àwọn aláró sì yarí. Ohun tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú níbẹ̀: akọ̀wé ló kọ lẹ́tà tí àwọn ìyá fi orúkọ sí, nítorí náà èdè inú rẹ̀ kì í ṣe èdè tiwọn pátápátá. Owó tún wà níbẹ̀ ní pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́. Kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di kọ́bọ̀ kí ẹ tó ro ó pọ̀.

Béèrè-Wò

Ó kàn mí. Ọ̀nà Yamane ni gbogbo ẹ̀ka wa ń lò láti mọ iye ẹni tí wọ́n máa bi ní ìbéèrè. Ẹ ó pín iye gbogbo àwọn èèyàn náà sí 1 pẹ̀lú iye wọn tí a sọ di púpọ̀ lọ́nà 0.0025. Bí aláró bá jẹ́ 400, ẹ ó pín 400 sí 2, ó jẹ́ 200. Ẹ ṣírò àwọn tí yóò kọ̀ mọ́ ọn, ká ní ìdá 10 nínú 100, ẹ mú 223. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ibo lẹ ti wá rí 400 ọ̀hún? Kò sí ìwé orúkọ kankan tó kó gbogbo aláró jọ. Ìwé ẹgbẹ́ á fo àwọn tí kò san owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ á tún ka ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ojúlé ká, kí ẹ ka ìkòkò àti dúrọ́ọ̀mù aró fúnra yín, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ wá fi tẹ́tẹ́ mú nínú nọ́ńbà. Ẹni tó bá ń bi àwọn tó bá jókòó lásán nìkan ní ìbéèrè ń ṣèwádìí lórí àwọn tí kò ní ọjà lọ́jọ́ yẹn ni.

Ẹ má béèrè "Èló lẹ ń rí lóṣù?" Aláró kì í ka owó lóṣù, ọmọlúàbí kì í sì í sọ owó rẹ̀ fún àlejò. Ẹ béèrè ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ìdìpọ̀ mélòó lẹ rẹ, yáàdì mélòó ló wà nínú ìdìpọ̀, èló ni wọ́n ra ọ̀kan, agolo aró mélòó ló lọ sí i, èló ni ẹ fún ọmọṣẹ́? Ẹ̀yin lẹ máa ṣírò rẹ̀ nílé. Ẹ kọ oṣù tí ẹ béèrè sílẹ̀, torí ọyẹ́ máa ń gbẹ aṣọ kíá, òjò Oṣù Keje sì ń dá iṣẹ́ dúró.

Ọjọ́ orí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìyá tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i mọ ohun tó ń ṣe nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973, tàbí nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976. "Ẹ ti lọ́mọ nígbà yẹn, ìyá? Ọmọ mélòó?" Láti ibẹ̀ lẹ máa ro ó.

Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn kú aró, kí fóònù tó jáde. Ìyá lẹ máa bi, kì í ṣe ọmọṣẹ́ tó yára fèsì. Bí oníbàárà bá wọlé, ẹ pa ìbéèrè owó mọ́ títí á fi lọ. Ìwé ìgbàṣẹ tí ìyá bá fẹ́ tẹ̀ka sí, ẹ kà á sókè tán pátápátá lédè Yorùbá níwájú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé.

Olótùú

Ẹ ṣé gan-an. Ẹnìkan béèrè nínú àpótí: kí ni kí a fi kọ nọ́ńbà sára nǹkan tí a kó?

Àpáàdì

Pẹ́ńsù lórí káàdì, méjì fún àpò kan: ọ̀kan nínú ọ̀rá kékeré tirẹ̀, ọ̀kan níta. Bírò á yòrò bí ilẹ̀ bá tutù.

Omi-Ò-Lọ́tàá

Tiwa, máàkà tí omi kì í fọ̀, lára ìgò gan-an. Ẹ má kọ ọ́ sórí ìdérí, torí bí ẹni méjì bá ń ṣí ìgò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdérí á pààrọ̀. Ẹ sì lẹ téèpù lórí ìkọ̀wé náà kí ẹ tó gbé e sínú yìnyín. Bó bá jẹ́ síkà lẹ kọ ọ́ sí, yìnyín tó ń yọ́ á ṣí i kúrò.